Tòmátì Mẹ́rìnlá Tí Mo Mú Kó Jó Gbẹ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èmi àti ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, jọ dá ọgbà sẹ́yìn ilé. Ẹ̀fọ́ wa ṣe dáadáa, ẹ̀ẹ̀mẹta la já a. Tòmátì mẹ́rìnlá ti ń yọ òdòdó nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í kán mi. Màmá ti ní kí n jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ jẹrà fún oṣù méjì ká tó lò ó. Mi ò dúró. Mo bù ú ní tútù, mo dà á sídìí wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ti jó gbẹ.

Kí n tó lanu, Màmá ti rí omi ọṣẹ lẹ́bàá ọgbà. Wọ́n ké sí aránṣọ ilé kejì: "Ìwọ obìnrin yìí, omi ìfọṣọ rẹ ti pa àwọn ọmọ mi!"

Aránṣọ ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀ ni."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, mi ò sọ nǹkan kan.

Látìgbà náà ni aránṣọ ti ń ru omi ìfọṣọ rẹ̀ yí ilé ká lọ sí gọ́tà, tòun toyún inú rẹ̀. Lánàá, ó kó ọmọ tòmátì mẹ́fà tó ti hù wá nínú agolo wàrà, ó ní kí n bá òun fi bẹ Màmá. Mo gbà á.

Màmá kì í pàdánù ètò yín lórí rédíò. Tí ẹ bá ti ka "tòmátì mẹ́rìnlá", wọ́n á ti yíjú sí mi. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí o: kí ni kí n sọ fún aránṣọ?