Fílítà Ọdún 2019

Adéfẹ́mi àbúrò mi,

Ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Màmá ń kí ọ. Orúnkún wọn ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Tiwaladé ọmọ mi ni ara ẹ̀ kò yá. Tí mo bá ti tan AC mọ́tò tí o fi sílẹ̀ fún wa, ikọ́ á gbé e. Mo bínú lọ bá Olúsànyà, mẹkáníìkì wa ní Lásunwọ̀n, mo pè é lólè lójú àwọn oníbàárà ẹ̀, pé ó yọ fílítà AC tuntun tí o fi sí i tà, èyí tó ń sẹ́ eruku inú atẹ́gùn.

Ó tú àpótí tí a ń kó ìwé mọ́tò sí, ó fa fílítà náà jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Déètì wà létí ẹ̀: March 2019. Ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́, ìwọ tí o máa ń kọ déètì sára sílíńdà gáàsì pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ọdún tó kọjá, 2023, lo gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi, tí o ní, "Àǹtí mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fílítà nítorí àyà Tiwa ni."

Olúsànyà ní ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, pé ní àdúgbò eléruku bíi tiwa, oṣù mẹ́fà ni. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ki tuntun bọ̀ ọ́, kí ọfà ara ẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Jọ̀wọ́, ìwọ náà pè é.

Èmi ò tíì lè ṣàdúrà fún ọ. Tiwa ló ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tó bá ti wọ mọ́tò, á ní kí Ọlọ́run bùkún ọ́ńkù òun tó fún wa ní mọ́tò. Mi ò tíì sọ òótọ́ fílítà náà fún un.

Èmi ni,
Fúnmbí