Ìrònú Tó Bá Fọ́tò Wálé

Ìsàlẹ̀ Pàkò,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní, ọdún 1976.

Àkíbù Àlàmú, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékún o. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Tí o bá ti ka ibí yìí, má tíì ka èyí tó kù, kọ́kọ́ dá mi lóhùn lọ́kàn rẹ ná, nítorí kì í ṣe ìkíni lásán, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ọ ní Èkó níbẹ̀, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ó bí méjì, ewúrẹ́ náà kúkú mọ ìlú tó ń gbé. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè mi ti bó tán.

Dẹ́rẹ́bà gbé lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Àlàmísì, yóò pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́la, fọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn, ó dùn títí mo fi wo fọ́tò náà dáadáa. Àkíbù, kí ló dé tí o fọwọ́ lẹ́rán? Ta ló kú? O gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, o ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò, o ò sì wo ojú wa. Ṣé kò sí àgbà kankan nílé oníyàwòrán yẹn tó lè ní kí o sọ ọwọ́ kalẹ̀ ni? Ṣebí o mọ̀ pé tí ọmọdé bá fọwọ́ lẹ́rán nílé yìí, ńṣe la máa ń gbá ọwọ́ náà kúrò kí ó má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìbànújẹ́. Mo mú un lọ bá Tíṣà Japheth, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ rẹ ṣe ń ya fọ́tò nìyẹn, ó ní filọ́sọ́fì ni wọ́n ń pè é, ìrònú sì ni iṣẹ́ wọn. Mo ní háà, ìrònú ló wá di iṣẹ́? Ẹni tí ilé rẹ̀ jó ló ń ronú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù ló ń ronú, ìwọ tí nǹkan kan ò ṣe, wọ́n wá ní kí o máa ronú fún ọdún mẹ́ta gbáko?

Mo tún lẹ́tà náà kà. O ní ọ̀gá yín bi yín pé, tí gbogbo yín bá jáde nínú yàrá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àga ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi, olè ti ń jà yín. Ẹ má jókòó máa bi ara yín léèrè, ẹ ra àgádágodo. O ní ó tún bi yín bóyá ẹni tó sùn lánàá náà ló jí lónìí. Èyí ni kò jẹ́ kí èmi sùn. Sọ fún un pé ìdí tí a fi ń kí ara wa pé ṣé ẹ jíire láràárọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá ti dáhùn, òun náà ni. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé o ní àwọn ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn kan pàtó. Kí lẹ ó wá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Nǹkan náà ran bàbá rẹ. Wọ́n gba fọ́tò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, wọ́n wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò lọ sóko. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní Bàbá Àkíbù, kí ló dé? Wọ́n ní àwọn ń ronú. Mo ní lórí kí ni? Wọ́n ní àwọn ń wò ó bóyá àwọn ló ni oko ni àbí oko ló ni àwọn. Yéè! Bàbá rẹ tí kì í sọ ju “Omi dà?” lọ láàárọ̀! Ìrun gan-an, wọ́n ń jókòó kí i, wọ́n ní ìrònú náà wúwo. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ní ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé bàrà gbọ́dọ̀ jẹrà kí egúsí inú rẹ̀ tó dára. Ìbéèrè gidi ni, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n bàrà tiwa ti wà lóko tó ń jẹrà tí kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́, egúsí á sì dúdú tó bá pẹ́ jù. Ìyá Mùínàt tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa rí wọn láti ojú ọ̀nà, ó wọlé wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó ti sunkún díẹ̀ kí ó tó rántí bèèrè ẹni tó kú.

Èmi náà kò bọ́. Mò ń yan gàrí lọ́jọ́ kan, mo ṣàdédé bi ara mi pé, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀gẹ́ pa, kí ló ki ẹnì kejì láyà tó fi tún un jẹ? Mo gbé igbá tí mo fi ń ro ó sókè, mo dúró gbagidi, àfi ìgbà tí mo gbọ́ òórùn. Gàrí ti jóná. Ẹ̀rù bà mí, mo ṣe àdúà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ sú mi. Mo ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo máa wọ mọ́tò Èkó, mo máa lọ mú ọmọ mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ yẹn kó wá kọ́ṣẹ́ télọ̀, torí àrùn tó dì sínú àpòòwé ti fẹ́ run ilé yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ mi sínú báàgì. Bàbá rẹ ní Hàlímọ̀, jọ̀ọ́, má lọ. Wọ́n fẹ́ dìde dì mí mú, wọ́n ṣubú, aṣọ sì ká kúrò lẹ́sẹ̀ wọn.

Sòbìà ni, Àkíbù. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú bí iṣu, sòbìà ti yọrí, wọ́n ti wé e mọ́ igi kékeré, wọ́n fi àkísà dì í. Tí mo bá ti lọ sọ́jà ni wọ́n ń lọ́ ọ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí sòbìà bá degbò, olúgànbe là á ké pè, bàbá rẹ ò ké pe ẹnì kankan! Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ? Wọ́n ní tí àwọn bá sọ, èmi á kọ̀wé, ìwọ á sì fi ìdánwò sílẹ̀ wá kó bàrà, bí o ti ṣe ní fọ́ọ̀mù fáìfù tí ọdún kan fi ṣòfò. Wọ́n ní fọ́tò rẹ ló fi ọ̀nà hàn wọ́n, pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ ń ronú, tí bàbá náà bá fọwọ́ lẹ́rán, kò sẹ́ni tó máa ṣí aṣọ wò. Mo bú wọn, mo sunkún, mo tún bú wọn.

Má wá sílé o. A ti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ti di ẹsẹ̀ náà dáadáa, Ìyá Mùínàt àti ọkọ rẹ̀ ti bá wa fọ bàrà, egúsí ti wà nínú oòrùn. Bàbá rẹ ò mọ̀ pé mo sọ fún ọ. Tí o bá fèsì, má dárúkọ ẹsẹ̀.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo lọ mú fọ́tò rẹ, mo wò ó títí. Oníyàwòrán yẹn gé ọ mọ́ ìbàdí. Kò ya ẹsẹ̀ rẹ rárá. Àkíbù, kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ? Tíṣà Japheth ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi ti rí i fúnra mi pé ẹni tó jókòó tó ń béèrè ẹni tó ni oko, ibì kan ń dùn ún. Ṣé ebi ni? Ṣé ọmọbìnrin kan ló kọ̀ ọ́? Mi ò ní kí o má bèèrè ọ̀rọ̀ àga. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn ọ́, ìyẹn ní ìdáhùn, èmi ni kí o sì sọ ọ́ fún.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi náírà méjì ránṣẹ́ fún báńdéèjì bàbá rẹ. Tí kò bá ju ẹyọ kan lọ, má fi ránṣẹ́, mú un padà lọ sọ́dọ̀ oníyàwòrán, kí o dúró gbọnrangandan, kí o sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀, kí o wo ojú wa, kí ó yà ọ́ láti orí dé ilẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí o yege. Kò ní fi ohun búburú kàn ọ́, ìwọ ni wàá sin wá, a ò ní sin ọ́. Bọ́ bàtà kí ó tó yà ọ́ o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàlímọ̀.