Ọmọ Mi Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Òru Dùn

                                        Yàrá kẹta lókè,
                                        Ilé alájà méjì tó wà lẹ́yìn kóòtù àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ mi tí mi ò lè parọ́ fún,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ara wọn du ṣòkòtò kan ṣoṣo? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ì bá wù mí kí n máa kí yín lọ títí ìwé yìí á fi kún, nítorí ohun tó kù láti sọ kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ti lé ọmọ mi jáde nílé. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, èyí tó ń pè ọ́ ní Dádì Kékeré. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ìlú yín ló wà báyìí, ìwọ nìkan lo sì lè bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tó jáde ilé ìwé, ọdún méjì gbáko ló fi jókòó sílé kó tó ríṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ròyìn iṣẹ́ náà fún. Èmi kàn gbọ́ pé Òru Dùn ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Orúkọ yẹn kò bá mi lára mu. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, mo bi í pé kí ni wọ́n ń tà ní Òru Dùn. Ó gbé abẹ kúrò lórí ẹni tó ń fá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Àwọn ọmọge tó ń dúró létí títì nírọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ òde òní ń pè ní òru dùn." Síbẹ̀, mi ò bi ọmọ mi léèrè. Mo kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Ohun tí mo sì ń rí kò dáa lójú mi. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Á fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀, á tẹ́ ẹní sórí símẹ́ńtì, ibẹ̀ ni á sùn sí. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wà ní balùwẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lórí tábìlì níwájú mi. Ni iná bá tàn lójú fóònù. Kò yẹ kí n wò ó, ṣùgbọ́n ojú mi ti débẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ló kọ̀wé ránṣẹ́: "O kú iṣẹ́ o. Mẹ́sàn-án lo bá sùn lánàá, inú àwọn ọ̀gá àgbà dùn sí ọ. Tètè dé lọ́jọ́ Ajé, mẹ́rìnlá ń dúró dè ọ́."

Akọ̀wé, bó ṣe jáde, mo na fóònù sí i, mo ní, "Mẹ́sàn-án?"

Ṣé o mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ó ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ n sinmi jàre. Méjì nínú wọn le bí òkúta."

Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mo gbé àpótí rẹ̀, mo jù ú sí àárín ọgbà níbi tí àwọn ayálégbé ń sá aṣọ sí, mo sì pè é ní orúkọ tí baba kì í pe ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pariwo rẹ̀. Omi ìwẹ̀ ṣì ń kán lára irun rẹ̀. Ó ń wí pé, "Bàámi, ẹ gbọ́ ná, ẹ gbọ́ ná," ohùn mi ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé tó gbọ́, ó wò mí bí ẹni tó ń wo àjèjì. Ó ní, "Iléeṣẹ́ fóòmù ni. Fóòmù tí èèyàn ń sùn lé." Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mi ò gbà á gbọ́ títí mo fi débẹ̀ fúnra mi. Ọ̀gá obìnrin yẹn fi mí jókòó sórí fóòmù tuntun kan tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti rán fóòmù tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, kó fi ọ̀tún, òsì àti ẹ̀yìn lé e, kó lè mọ ibi tí wáyà inú rẹ̀ ti ń gún èèyàn. Iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, àwa níbí kì í sọ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. A máa ń ní a ti bá a sùn ni. Ẹ̀fẹ̀ ibi iṣẹ́ ni." Mo ní orúkọ wọn ńkọ́. Ó ní ohun tí ìyá ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ fi máa ń kí àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ sùn ni: "Òru á dùn o." Ìkíni ìyá sí ọmọ, Akọ̀wé! Èmi tí mo ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí ìwọ jókòó tì mí tí o ń tẹ gbogbo ohun tí mo bá wí!

Èyí tó fẹ́ pa mí nínú ohun tí ọ̀gá náà sọ ni pé, lẹ́yìn tí mo lé e, ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn ní yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀, lórí fóòmù kan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i lára pé kò yẹ kí èèyàn sùn lé e. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà nílùú yín. Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé bí òun bá fojú kan bàbá òun níbẹ̀, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀, òun á lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí òun.

Ìdí tí mi ò fi lè wá nìyẹn. Mo ti di àpò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún tú u. Mo dúró ní àárín ọgbà, mo sọ fún àwọn ayálégbé pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ mi. Àwọn kan káàánú mi, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bàbá Òru Dùn ni wọ́n ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ sójú símẹ́ńtì.

Jọ̀wọ́, mo fi ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wa bẹ̀ ọ́, lọ sẹ́nu géètì wọn lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Má mú ìwé yìí dání o; bó bá rí ìkọ̀wé mi, á sá. Wò ó dáadáa, bóyá ó ti rù, kí o sì bi í níbi tó ń gbé. Sọ fún un pé mo jẹ̀bi, kì í sì í ṣe torí pé iṣẹ́ fóòmù ni. Bó tiẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí mo rò ló ń ṣe, ọmọ mi náà ni, kò yẹ kí n jù ú síta láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ohun tó bá fi dáhùn, kọ ọ́ sí mi bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ èébú, kọ èébú náà. Bó bá ní òun ò ní bàbá mọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má bá mi tún un ṣe.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o bá mi kí àwọn ìbejì.

Bí mo ṣe kọ ọ́ débí ni ìyá ọmọ mi gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ó dúró, ó kà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni pé, "Ẹ kọ nọ́ńbà mi sí i." Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Sọ fún ọmọ náà pé bó bá pe nọ́ńbà náà, ìyá rẹ̀ nìkan ló máa gbé e. Èmi á bọ́ síta títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Ògbufọ̀