Díákónẹ́ẹ̀sì Leah Akínọlá àti Pulọ́ọ̀tì Kan Tí Ọmọ Méjì Fẹ́ Pín

Ní ọdún 1949 ni Olúwa fi Màmá wa, Díákónẹ́ẹ̀sì Leah Akínọlá, ta ìdílé Ṣàngóyẹmí ní Ọ̀yọ́ lọ́rẹ. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń ṣe gààrí. Ní 1974, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Tísà Akínọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì kọ́lé sórí pulọ́ọ̀tì kan ní ẹ́síteètì ìjọba.

Ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé ni Màmá ti ṣiṣẹ́ títí di 2004. Àwọn ni wọ́n ń tẹ lẹ́tà tó ń sọ fún onílé pé òfin kò gbà á láyè láti gé pulọ́ọ̀tì sí méjì.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní 2016. Ọlọ́runfúnmi, àkọ́bí wọn, fẹ́ kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ bíi ti Under G, àdúgbò tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé, sórí àbọ̀ pulọ́ọ̀tì náà, Martha àbúrò rẹ̀ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí àbọ̀ kejì. Kí ìjà má baà dé, Màmá gbé fáìlì lọ sí ọ́fíìsì wọn àtijọ́ pé kí wọ́n bá àwọn pín in.

Hafeez tó ti di ọ̀gá níbẹ̀ ní, "Màmá, àbọ̀ ẹ̀yìn kò ní ọ̀nà tó dé títì. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi lófin yìí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣáà tún un wò."

Ọdún méje ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n fi bọ̀. Nígbà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ta okùn, àárín pálọ̀ ló gbà. Màmá ní, "Ṣé kí n máa jẹun nílẹ̀ Ọlọ́runfúnmi, kí n wá lọ sùn nílẹ̀ Martha ni?" Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n. Nítorí ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ kò kí ara wọn mọ́. Màmá sì ń dárúkọ àwọn méjèèjì nínú àdúrà àárọ̀ kan náà.

Ní oṣù kejì 2025, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Màmá kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá. "Ẹ kí ara yín kí n gbọ́," ni wọ́n wí.

Martha kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bọ̀ọ̀dá mi."

Ọlọ́runfúnmi ní, "Martha, má bínú sí mi."

Lọ́jọ́ kẹta ni Màmá lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì ti jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò pín pulọ́ọ̀tì náà mọ́.

Màmá fi Ọlọ́runfúnmi, Martha, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Olúwatómisìn, Olúwaṣògo àti Ẹ̀yẹolúwa, sáyé lọ.

Ẹ sinmi láyà Jésù, Màmá. Àwa ọmọ yín ti ń kí ara wa.