Máàkì Tí Kọ̀ǹpútà Injinía Gbọ́dọ̀ Gbà

Yàrá ẹ̀yìn,
Ilé wa.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Bàbá ńkọ́? Àbúrò rẹ tó máa ń gé mi jẹ, ṣé eyín rẹ̀ ti pé? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Inú ló ń bí mi, o sì mọ̀ mí, bí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, màá bẹ́.

Ọ̀rọ̀ Injinía ni. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà ilé wa láti ìgbà tí mo ṣì kéré, àlòkù tó ń ṣà kiri ló fi tò ó. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán ilé fẹ́ gbà á. Wọ́n ní ó lè máa ṣe é láti ilé, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lágbára tó. Wọ́n wá fi ètò kan ránṣẹ́ tó máa ń fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ líle, á sì fún un ní máàkì bíi tíṣà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́. Bí kò bá pé kí ilẹ̀ àná tó ṣú, kí ó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ìlú tó jìnnà débi pé bóyá la ó fi máa rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá lọ, ó ku èmi àti màmá nìkan, o sì mọ bí ilé yìí ṣe máa ń dákẹ́.

Àárọ̀ àná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọn eruku inú kọ̀ǹpútà, ó pa gbogbo ètò tí kò nílò, pàbó ni. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ sáré dáadáa, tó bá yá, á gbóná, á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ bí arúgbó, máàkì á já wálẹ̀. Màmá ní kó jẹun, ó kọ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó jágbe mọ́ mi. Mo bá lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, kó má baà rí omi ojú mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí òwú kan já lára aṣọ mi, ló bá fò lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Mo yọ ọ́, ó tún padà lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá rò ó pé fáànù kékeré iwájú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń tù ú lára, ń fa atẹ́gùn wọlé, ti ẹ̀yìn náà tún ń fà á wọlé. Ilé tí àlejò ń gba gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, ibo ni wọ́n á gbà jáde? Òdì ni Injinía de fáànù ẹ̀yìn láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló máa sọ fún un? Ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Mo ṣe bí òpè.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ooru inú ẹ̀ máa ń gbà jáde?"

Ó ní ẹ̀yìn ni, pé èmi tí mò ń gba òdo nínú ìṣirò, kí ló kàn mí níbẹ̀. Mo kàn na òwú náà sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó fà á mọ́ra. Ó wò ó, ó wò ó títí. Ló bá pa iná, ó tú fáànù náà, ó yí i padà. Ó tún dán an wò. Ooru ò dá a dúró mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó lé díẹ̀! Kíá ló fi ránṣẹ́ sí wọn.

Màmá gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n sáré wọlé. Injinía sọ fún wọn pé, "Mo ti rí ibi tó ti ń yọ wá lẹ́nu, màmá. Ṣé mo ní màá rí i." Wọ́n gbàdúrà fún un títí, wọ́n ní kí èmi náà máa kọ́ ọgbọ́n lára ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dé ètè mi. Injinía ń wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bá mi kí gbogbo ará ilé, kí o fa etí àbúrò rẹ agénijẹ yẹn fún mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ Injinía nínú bálùwẹ̀ tó ń fi ohùn burúkú rẹ̀ kọrin. Kó máa gba ìyìn náà lọ. Ó ṣáà wà nílé.

Èmi ni tìrẹ, bí mo tilẹ̀ fajú ro,
Oníkanra