Tìróò Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Ìkosì, Kétu.

Màmá Àgbà ní Ṣakí,

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn yìí o. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Gbénró àti gbogbo ará ilé. A wà láàyè, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Iṣẹ́ bíríkìlà ò lọ déédéé fún Bàbá Ìdùnnú. Eruku Mile 12 ò jẹ́ ká sinmi. Ojú ń yún mi, omi ń dà lójú mi sórí aṣọ tí mò ń rán. Àwọn oníbàárà ní Àpólò ni, wọ́n kó aṣọ wọn lọ.

Mo wá ń lé tìróò yín láràárọ̀, mo sì ń lé e fún Ìdùnnú. Ojú ọmọ náà wú. Nọ́ọ̀sì tá a lọ bá ní kì í ṣe Àpólò, eruku ọyẹ́ ni ara wa ò gbà. Ó ní ká máa fi aṣọ tá a rẹ sínú omi tútù bo ojú, ká yéé fọwọ́ ra á, ká sì pa tìróò tì torí ó ń dá kún un. Kò rọrùn fún mi láti sọ ẹni tó fún mi ní tìróò náà fún un.

Ẹ má bínú, Màmá. Èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Àmọ́ ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ní ojú yín ń ṣe bàìbàì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé lé e, kẹ́ ẹ lọ sọ́sibítù. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kó tún ibẹ̀ yẹn kà.

Ọmọ yín,
Sẹ̀kínát