Àga Kẹfà

Vernède-le-Haut,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1994.

Delphine, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì fi ẹnu ko Bastien kékeré ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Mo lérò pé lẹ́tà yìí yóò bá yín nínú àlàáfíà, pé ikọ́ ọmọ ti lọ, àti pé ọ̀gá rẹ ti ń jẹ́ kí o rí ọjọ́ Sátidé fi sinmi. Ní tèmi, ara le. Orúnkún nìkan ló ń rán mi létí pé èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti wà lábẹ́ ìgò iyọ̀ lórí tábìlì, tí mo ń kà á, tí mo ń dá a padà síbẹ̀. O ní kí n ta ilé, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Lyon, pé yàrá kan wà tí oòrùn ń wọ̀. Tọkọtaya ará Holland yẹn ṣì ń fẹ́ ilé náà. Agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ìwé ilé ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀kan kí Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ tó dé: mo ń tà, tàbí mi ò tà. Owó náà dára. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ lẹ́tà yìí, pé mo ń tà ni ìwọ ì bá kà níbí. Jọ̀wọ́, ka ìyókù tán kí o tó bínú.

Àwọn àlejò tó ń sanwó sùn ní yàrá òkè wá dáadáa nígbà ooru. Àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ dé láti ọ̀nà jíjìn, ìdí wọn ń ro wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jẹun lórí ìdúró. Àwọn kan lọ wa ọkọ̀ lórí odò. Ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú wọn níbi tí ìwọ ti máa ń fọ ẹsẹ̀, níbi tí omi ò ju orúnkún lọ, wọ́n sì wálé bí ẹni tó la òkun já. Gbogbo wọn ló gun òkè lọ wo ilé odi tó ti wó, wọ́n sì ya fọ́tò òkúta kan náà. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n tú ká.

Láti ìgbà náà, ó ku èmi nìkan. Mo ti ti àwọn yàrá òkè, ilé ìdáná nìkan ni mo ń dáná sí, torí igi kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Láàárọ̀, mo ṣì máa ń gbé abọ́ kọfí méjì sílẹ̀. Bí mo bá ti rí i, màá da ìkejì padà sínú ìkòkò. O mọ̀ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń lu wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àwọn tó wà lóko tí wọn ò ka ti àkọ́kọ́ délẹ̀. Nígbà tí baba rẹ wà láyé, mi ò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì rí, torí á ti máa sọ̀rọ̀. Ní báyìí, mo ń gbọ́ méjèèjì tán.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti sin ín ní oṣù kejì, tí mi ò lè sọ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ olú ni. O mọ àṣà wa: ibi tí ènìyàn ti ń ká olú ńlá, kì í fi han ọ̀rẹ́, kì í fi han àlùfáà. Ó di ọjọ́ ikú kó tó sọ ọ́ fún ẹni tó kà sí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá baba rẹ kú, ó lé mi jáde kó tó la ẹnu sọ ibẹ̀ fún baba rẹ. Ó ní, “Ará òdìkejì odò nìyẹn. Àwọn wọ̀nyẹn lè ká olú lórí pẹpẹ.” Ìyàwó ọdún kan ni mí nígbà náà, mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọ agbọ̀n baba rẹ, tí mo ń fi bọ́tà àti aáyù dín ohun tó bá gbé wálé, mi ò sì béèrè. Mo ní bó pẹ́ bó yá, á sọ fún mi.

Ọjọ́ náà pé lóòótọ́. O dé lẹ́yìn tí ó ti kú, o ò rí i. Ẹ̀gbà gbé e ṣubú nínú ilé màlúù, a gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí ilé ìdáná, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tó lò kó tó kú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló lè gbé. Ó ń na ìka sí fèrèsé. Mo ní òtútù ló ń mú un, mo ti fèrèsé. Ó tún nà án. Mo fa aṣọ bo fèrèsé náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ara ló ń ro ó. Nígbà tí a sin ín tán, mo wí fún ara mi pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo bá ọkùnrin yìí gbé, àlejò ni mo ṣì jẹ́ lójú rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ ta ilé nìyẹn, kì í ṣe òtútù. Ó yẹ kí àlejò mọ ìgbà tí ilé ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ Josépha, aládùúgbò wa. Ìwọ náà rántí àga ìyá mi, mẹ́fà, tí wọ́n fi koríko hun ìjókòó wọn, tí mo gbé wá sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí o gba kómúníọ̀nù àkọ́kọ́, a kó àga ilé méjèèjì jáde sí àgbàlá. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ka tèmi, mo bá márùn-ún. Mo bi Josépha. Ó ní, “Ginette, ìdí mélòó ni mo ní?” Mo dá a lóhùn níwájú ọkọ̀ oníbúrẹ́dì, níṣojú gbogbo abúlé, ohun tí mi ò ní kọ síbí. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Láti ìgbà náà, ológbò rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ bí mo bá ń kọjá, èmi náà á sì dá ògiri lóhùn. Baba rẹ á máa gbọ́ wa, á tẹ orí mọ́ ọbẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àlejò kan ṣoṣo dé, Omidan Tréhard, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, láti Lille. Òun nìkan ló ń rìn, bàtà rẹ̀ sì dára ju ti dókítà lọ. Mo rán an lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo máa ń rán àlejò lọ wò. Èwo ni, kò kan lẹ́tà yìí. Mo ní kó máa tẹ̀lé àmì ọ̀dà lára igi. Mi ò mọ̀ pé ìjì ti wó igi tí àmì ìkẹyìn wà lára rẹ̀. Obìnrin náà ṣìnà. Aago mẹ́rin ló wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó da ohun tó wà nínú fìlà rẹ̀ sórí tábìlì mi. Delphine, olú mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù baba rẹ.

Ó ní, “Màdáámù Ginette, ṣé èyí máa ń pa ènìyàn?”

Mo ní, “Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ o!” Mo sáré ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ó mà pọ̀ níbẹ̀ o! Ẹ jẹ́ kí n fi bírò fi àmì sí i lórí máàpù fún yín.” Mo já máàpù gbà bí ẹni tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹni tó ni ibẹ̀ mọ ayé jẹ. Ó gbé àga síbẹ̀. Àga ilé ìdáná ni, ó tilẹ̀ jọ èyí tí mo jókòó lé yìí.”

Ọwọ́ mi dúró lórí bọ́tà. Mo wá fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè bó ṣe rìn ín.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bọ́ọ̀sì ti gbé e lọ, mo mú agbọ̀n, mo fi kóòtù bò ó. Josépha wà ní fèrèsé. Ó sọ fún ológbò rẹ̀ pé, “Wò ó, ìwọ, kóòtù kan ti lóyún ní Vernède. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni oyún náà sì yọ sí.” Mo sọ fún ògiri pé, “Ògiri, o ṣeun tí o kì í ṣe òfófó.” Mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà, kí wọ́n lè rò pé ibòmíràn ni mò ń lọ. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ìkùukùu ṣì wà nínú àfonífojì. Mi ò pàdé ẹnì kankan.

Àga ìyá mi wà lábẹ́ igi óákù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ilẹ̀. Koríko ìjókòó rẹ̀ ti jẹrà, baba rẹ ti kan pákó sí i. Mo bú u. Èmi nìkan láàárín igbó, mo bú u kíkankíkan: “Aimé Roumégas, ìwọ ni olè! Mo pàdánù ọ̀rẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ò ń jẹ ọbẹ̀!” Kò lè jẹ́wọ́ ibi tí àga wà láìjẹ́wọ́ ibi tí olú wà, ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo jókòó. Ìgbà náà ni mo tó rí i. Àga náà ò kọjú sí olú, ẹ̀yìn ló kọ sí wọn. Ó ti gé ẹ̀ka igi méjì dànù níwájú, àárín wọn sì ni ilé wa ti hàn, kékeré bíi páálí ìṣáná: fèrèsé ilé ìdáná gan-an, níbi tí mo ti máa ń dúró fọ abọ́. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, kì í ṣe fèrèsé ló ń na ìka sí. Òkè tó wà lẹ́yìn fèrèsé ni. Ó ń sọ ọ́ fún mi, Delphine. Èmi ni mo fa aṣọ bò ó.

Mo sunkún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu mọ́kànlá láti ìsàlẹ̀, ó tún un lù, mo ka méjèèjì. Mo wá ká mẹ́rìnlá, mo fi àwọn kéékèèké sílẹ̀, mo fi ewé bo ojú ibi tí mo ti gé wọn. Mi ò gba ilé lọ. Ilẹ̀kùn Josépha ni mo lọ kàn.

Ó wo agbọ̀n. Kò béèrè ibi tí mo ti rí wọn, ọmọlúàbí ni. Mo ní, “Josépha, àga yẹn, ìwọ kọ́ lo gbé e. Mo ti rí i.” Ó yíjú sí ológbò: “Ṣé o gbọ́? Obìnrin yìí tó ní ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló fi ka àga mẹ́fà.” Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi. Ó ní, “Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn. Ooru ń jáde.”

A fi ẹyin dín díẹ̀ nínú olú náà. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Aimé ni, àbí?” Mo ní òun ni. Ó ju ṣíbí sílẹ̀. “Ọkùnrin yẹn! Bó bá wá bá mi la igi, tí mo bá ń ṣépè fún ẹni tó gbé àga, á ní, ‘Àmín, Josépha, àmín.’” A rẹ́rìn-ín títí ológbò fi jáde fún wa.

Nítorí náà, ọmọ mi, mi ò ta ilé mọ́. Mo ti kọ̀wé sí agbẹjọ́rò. Má rò pé inú mi ti dùn tán. Ilé ìdáná yìí ṣì dákẹ́, abọ́ kọfí ṣì ń di méjì mọ́ mi lọ́wọ́, Josépha náà sì máa ń tètè sùn. Ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ fa aṣọ bo fèrèsé yẹn mọ́. Ẹ wá fún Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, ká jọ gbé òdòdó lọ sí ibojì baba rẹ. Lọ́jọ́ kejì, èmi pẹ̀lú rẹ á rìn. Mi ò ní kọ ibẹ̀ sínú ìwé, mi ò sì ní dúró de ìgbà tí ẹnu mi ò bá lè là mọ́. Ẹsẹ̀ ni màá fi fi hàn ọ́, nígbà tí mo ṣì ní i.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ wá ara yín tì nínú ilé kan náà. Kí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ara yín má pẹ́ lẹ́nu. Kí Bastien dàgbà, kó ní ẹni tí yóò máa wo fèrèsé rẹ̀ láti òkèèrè.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí ó ń retí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà,
Ginette.

Mo gbàgbé ọ̀kan: lánàá, mo ru ẹrù kan gun òkè, ó wúwo díẹ̀, orúnkún mi ò tíì dárí jì mí. Bí o bá dé, tí o rí i pé àga mẹ́rin péré ló kù ní ilé ìdáná, jọ̀wọ́, má bi Josépha.